Beatrix Potter: Ehoro, Ọgbà àti Gbèsè Ìtàn



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ìwé ọmọdé ni mo gbé wá síwájú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ́kọ́ fi sí ọmọ létí kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé ọmọdé fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Beatrix Potter, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé fún ọmọdé tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán inú wọn, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí a ti ń yẹ ìgbésí-ayé rẹ̀ wò, ìbéèrè kan ni kí a máa rò: gbèsè wo ni òǹkọ̀wé jẹ àwọn tí wọ́n ti pa ìtàn ṣáájú rẹ̀?

1. Ìbí àti Ìtọ́dàgbà

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti bí Beatrix ní ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 1866. Rupert, bàbá rẹ̀, kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n kò fi taratara ṣe é, nítorí pé ogún ìdílé tó o jẹ. Owó òwú ni ogún náà. Edmund Potter, tí ó bí Rupert, ni ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ òwú nítòsí Glossop. Ìdílé onísòwò òwú ni Helen, ìyá Beatrix, náà ti jáde. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861, oko ẹrú ní gúúsù Amẹ́ríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwú tí wọ́n ń ran ní Lancashire ti ń wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ òwú yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Beatrix kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbà èwe rẹ̀. Inú ilé ni àwọn obìnrin olùkọ́ ti wá ń kọ́ ọ. Òun àti Bertram, àbúrò rẹ̀, sin ehoro, eku, àdán, àkèré àti alángbá, wọ́n sì ń ya àwòrán wọn. Bí ẹranko bá kú, wọn a sè é kí wọ́n lè rí egungun rẹ̀ yà. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 15 títí di nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ń kọ ìwé ìrántí ní àmì àdììtú tí òun fúnra rẹ̀ dá. Ọdún 1958, nígbà tí ó ti kú, ni Leslie Linder tó rí àdììtú náà tú.

2. Ìlẹ̀kùn tí a tì

Kí Beatrix tó di òǹkọ̀wé, ìmọ̀ nípa olú ni ó gbà á lọ́kàn. Ó ya àwòrán olú lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ṣe ìwádìí lórí bí èso wínníwínní tí olú ń tú jáde ṣe ń hù. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹrin, ọdún 1897, iṣẹ́ rẹ̀ dé iwájú Ẹgbẹ́ Linnean ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n òun kò sí níbẹ̀. Obìnrin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá wọn jókòó ní ìpàdé. George Massee, onímọ̀ nípa olú ní ọgbà Kew, ni ó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. A kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1997, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà jẹ́wọ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìgbà náà kò ṣe dáadáa sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí wọ́n tó fi iyì tí ó tọ́ sí i fún un.

3. Lẹ́tà di Ìwé

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1893, Beatrix wà ní Dunkeld ní Scotland nígbà tí ó kọ lẹ́tà sí Noel Moore, ọmọ ọdún márùn-ún tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Annie, ìyá ọmọ náà, ti jẹ́ olùkọ́ Beatrix rí. Dípò kí ó kàn kí ọmọ náà pẹ̀lẹ́, ó pa ìtàn ehoro mẹ́rin fún un, ó sì ya àwòrán wọn sí àárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó yá lẹ́tà náà padà, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó sọ ọ́ di ìwé.

Ó kéré tán, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé mẹ́fà ni ó kọ ìwé yìí. Beatrix fẹ́ kí ìwé náà kéré kí ọwọ́ ọmọdé lè ká a. Kò sì gbà kí wọ́n yí i padà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1901, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà 250. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1902, Frederick Warne gbé e jáde pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère, kí ọdún náà sì tó parí, ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ̀ ti di 28,000.

Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Ìyá kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe wọ ọgbà Ọ̀gbẹ́ni McGregor, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti pa bàbá wọn jẹ. Peter ṣe orí kunkun, ó wọ ọ́, ó jẹun yó, àgbẹ̀ sì lé e títí ó fi fi bàtà àti ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a kíyèsí. Èkíní, òǹkọ̀wé yìí kò fi ikú pamọ́ fún ọmọdé. Èkejì, nígbà tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ Peter, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó fi sáré bí ehoro tòótọ́. Ẹni tí ó ti ya egungun ehoro rí nìkan ni ó lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó gbé fún àwọn ọmọdé.

4. Ọrọ̀, Ọ̀fọ̀ àti Ilẹ̀

Beatrix mọ iye iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1903, ó gba ẹ̀tọ́ lórí ọmọlangidi Peter tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n a kò forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ tà láìsan kọ́bọ̀ fún un. Ìrora ẹni tí a gba iṣẹ́ rẹ̀ láìdúpẹ́ kò ṣàjèjì sí i.

Ní oṣù keje ọdún 1905, Norman Warne, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ìwé náà, sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣaya, ó sì gbà. Inú àwọn òbí rẹ̀ kò dùn sí i, nítorí pé oníṣòwò ni ọkùnrin náà. Kò tó oṣù méjì tí Norman fi kú. Ní ọdún náà gan-an, Beatrix ra oko Hill Top ní abúlé Near Sawrey. Ní 1913, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 47, ó fẹ́ William Heelis, agbẹjọ́rò kan ní agbègbè náà, ó sì fi ara jìn fún iṣẹ́ oko àti àgùntàn sísìn. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 22, oṣù kejìlá, ọdún 1943, ilẹ̀ tí ó ju 4,000 ékà lọ ni ó fi sílẹ̀ fún National Trust, kí ó lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

5. Gbèsè Ìtàn

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ òwú. Ní òpin ọdún 1880, Joel Chandler Harris, akọ̀ròyìn aláwọ̀ funfun ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìtàn Uncle Remus jáde. Ehoro ni àgbà ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ inú rẹ̀. Kò lágbára, ṣùgbọ́n ó ń fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó lágbára jù ú lọ. Harris kò dá ìtàn wọ̀nyí sílẹ̀. Nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní oko Turnwold láti ọdún 1862, ẹnu àwọn ẹrú ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ dárúkọ mẹ́ta: George Terrell, Harbert àti Crissy. Uncle Remus, tí Harris fi inú rò, ni ó gba ipò wọn.

Beatrix mọ ìwé yìí dáadáa. Láàrin ọdún 1893 sí 1896, ó ya àwòrán mélòó kan fún àwọn ìtàn inú rẹ̀. Ipasẹ̀ rẹ̀ sì hàn nínú ìwé tirẹ̀: ọ̀rọ̀ tí Harris fi ṣàpèjúwe ìrìn ehoro wà nínú ìtàn Peter, tábà ehoro wà nínú ìtàn Benjamin tí ó jáde ní 1904. Nínú ìwé méjèèjì, kò dárúkọ ibi tí ó ti rí wọn. Ọ̀mọ̀wé Emily Zobel Marshall tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ní ọdún 2023, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí wa. Nínú àlọ́ tí ìyá-ìyá mi ń pa fún wa, Ìjàpá ni ó ń jalè lóko, ère tí olóko fi àtè kùn ni ó sì mú un. Nínú ìwé Harris, ehoro ni ère ọ̀dà mú. N kò sọ pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ní irú rẹ̀. William Bascom, tí a mọ̀ nídìí ìwádìí Ifá, fi ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1992 fi hàn pé Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ré òkun kọjá. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ká òwú ni wọ́n pa ìtàn. Owó òwú bọ́ sọ́wọ́ olóko. Ìtàn ni a kò tilẹ̀ bèèrè ẹni tí ó ni ín.

Ǹjẹ́ olè ni Beatrix? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọgbà McGregor, àwòrán ibẹ̀, àti bí ó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ohun púpọ̀, tirẹ̀ ni. Àlọ́ kì í sì í ṣe ohun ìní ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ yàtọ̀ sí owó. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

6. Àgbálọgbábọ̀

Kí n tó jókòó, ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, obìnrin arúgbó kan pa àlọ́ fún mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nínú ìwé tí mo kọ, "ìyá àgbà kan" ni mo pè é. Orúkọ tèmi ni ó wà lẹ́yìn ìwé. Ó ti di ará ọ̀run báyìí, mo ti wá orúkọ rẹ̀ títí nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́, n kò rí i. Nítorí náà, kì í ṣe Beatrix Potter nìkan ni mo ń bá wí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gba àlọ́ sílẹ̀ láti fi ṣe ìwé fún àwọn ọmọ wa, ẹ bèèrè orúkọ apàlọ́ kí ẹ tó bèèrè àlọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó fi iyì fún ẹni tí iyì tọ́ sí.