Bọ́tà Àwọn Ará Etí Òkun

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni Yorùbá ń pe bọ́tà, ẹ má ṣe yára dáhùn. Ọ̀rọ̀ àyálò ni bọ́tà fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní ni wọ́n ń da wàrà màlúù sínú akèrègbè, tí wọ́n ń mì í títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi ṣù jọ. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí ó parí ní 1884, kan bọ́tà, òrí-àmọ́ ni wọ́n kọ, ìyẹn ọ̀rá èso igi emi. Ṣùgbọ́n igi emi kì í hù létí òkun.

Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, láàrin òkun àti ọ̀sà, àgbọn ni iyanrìn gbà. Àlejò ni àgbọn pàápàá: àwọn Potogí ni wọ́n gbé e wá sí etí òkun wa lẹ́yìn tí Vasco da Gama dé Íńdíà ní 1498. Òun ni àwọn ìyá fi ń ṣe àdín àgbọn. (Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àdín ekùrọ́, èèwọ̀ Èṣù.)

Wọn a fọ́ àgbọn tí ó gbó, wọn a rin ín, wọn a pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, wọn a fún un, wọn a sì sẹ́ ẹ. Omi funfun tí ó jáde ni wọn a gbé kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni kò mì í. Ọ̀rá fúnra rẹ̀ ni ó ń léfòó, bí ọ̀rá wàrà màlúù ti í ṣe kí ó tó di bọ́tà. Ní òwúrọ̀, wọn a ré ọ̀rá náà, wọn a gbé e kaná, wọn a máa rò ó títí omi yóò fi gbẹ tí àdín yóò sì mọ́ gaara. Èyí tí ó bá pọ́n nísàlẹ̀ ìkòkò, ti àwọn ọmọdé ni. Nígbà ọyẹ́, àdín a dì funfun nínú ìgò. Kí ni bọ́tà fi jù ú lọ?

Ilẹ̀ ni ìṣòro báyìí. Ní 2006 ni ìjọba dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kí sílẹ̀. Wọ́n ṣí èbúté ńlá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún. Àwọn abúlé kan ti ṣí kúrò níbẹ̀. Epo mìíràn ni Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí fi lókìkí lónìí, ọmọ tí kò sì rí ìkòkò àdín lórí iná rí, inú ìwé atúmọ̀ èdè ni yóò ti pàdé rin àti ré. Bí ẹ bá mọ ìyá àgbà kan níbẹ̀, ẹ bi í ní orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀rá tí ń léfòó yẹn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.