Mbárí Mbáyọ̀, Ilé Ọnà Òṣogbo

Mbárí Mbáyọ̀ ni wọ́n ń pe ilé ọnà kékeré tí Dúró Ládiípọ̀ dá sílẹ̀ nílùú Òṣogbo ní ọdún 1962. Ilé ọtí ni ilé ọ̀hún tẹ́lẹ̀, Popular Bar lorúkọ rẹ̀, Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ni ín. Ó sọ ibi tí wọ́n ti ń mutí di ibi tí wọ́n ti ń wòran, àwòrán lára ògiri, eré nínú ọgbà. Ìjọba kọ́ ló gbé e kalẹ̀. Òun, àwọn òṣèré rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọnà jẹ lógún ni wọ́n jọ gbé e ró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ohun tí ayé ń pè ní ọnà Òṣogbo ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1961, Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ni n'Ìbàdàn, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti àwọn mìíràn, dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni mbari. Lágbègbè Owerri, ilé amọ̀ tó kún fún ère ni, tí wọ́n ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, wọn kì í tún un ṣe mọ́; wọ́n á fi í sílẹ̀ fún òjò. Nígbà tí orúkọ yìí dé Òṣogbo, etí Yorùbá ni ará ìlú fi gbọ́ ọ: m bá rí i, m bá yọ̀. Bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Ọ̀rọ̀ àlejò di tonílé lọ́wọ́ wọn, mo sì gbà pé ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí pé wọn ò ka ilé náà sí ilé àjèjì.

Olùkọ́ ni Ládiípọ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ni. Nígbà tó mú ìlù dùndún wọ orin Àjíǹde tó kọ fún ìjọ, àwọn kan fárígá. Ó gbé eré rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti gbà á láyè, ó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Mbari n'Ìbàdàn, ó sì pinnu pé Òṣogbo náà gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀. Nígbà tí ilé náà pé ọdún kan ní 1963, eré Ládiípọ̀ tó ń jẹ́ Ọba Kò So ni wọ́n fi ṣàjọyọ̀. Ní 1964, eré yẹn ti dé Berlin.

Eré ṣíṣe nílé náà gan-an ló mú àwọn ayàwòrán wá. Denis Williams, ará Guyana, darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán níbẹ̀ ní 1962. Georgina Beier, tó di ìyàwó Ulli Beier, darí ti 1964. Ọjọ́ díẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó béèrè ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òṣèré ni Rufus Ògúndélé. Muraina Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, ń ṣeré, ó sì ń lùlù. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtè lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pákó láti fi yàwòrán, bí ẹni pé adé ọba ló ń ṣe. Ijó ló gbé Twins Seven-Seven débẹ̀. Ìlà tín-ín-rín ló ń fi kálàmù yà, iwin, ejò àti ènìyàn yóò sì há mọ́ra wọn títí àyè kò fi ní ṣẹ́ kù.

Asiru Ọlátúndé (1918–1993) ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tí Òṣogbo fi hàn ayé lásìkò náà. Kò bá wọn jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Yóò tẹ́ páànù bàbà tàbí alumíníọ̀mù sílẹ̀, yóò máa fi òòlù lu ojú irin kékeré sí i lára, kó, kó, kó, títí igi ńlá kan yóò fi yọ, ẹyẹ lórí ẹ̀ka, ẹranko àti ènìyàn nídìí rẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa á, ìka yín yóò ka ojú òòlù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ayàwòrán tó lọ sí yunifásítì kò gba ti ilé yìí tán. Wọ́n ní àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ ni òyìnbó ń gbé gẹ̀gẹ̀, pé òyìnbó náà ló sì ń ra iṣẹ́ wọn. Òótọ́ ni ti ọjà: owó àlejò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò wọ̀ mí létí, torí agbo ilé ni Yorùbá ti ń kọ́ ọmọ ní àgbẹ̀dẹ, ìlù àti ọnà, kí ilé ìwé tó dé.

Ládiípọ̀ kú ní 1978. Ní 2005, UNESCO fi Twins Seven-Seven joyè oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà. Buraimoh ní ilé ọnà tirẹ̀ l'Óṣogbo. Oyèlámì padà sí Ìràgbìjí, ó joyè Ẹ̀ẹ̀sà níbẹ̀, ó sì kọ́ ilé kan tó pè ní Ọbàtálá, níbi tí ìlù, ijó àti àwòrán ti jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan.