Ìsọlórúkọ Ejò àti Ìtọ́jú Ẹni tí Ejò Ṣán: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Echis ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ìfáàrà
Yorùbá gbà pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí láàrin àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ejò tuntun lórúkọ ní láti yan òkú ejò kan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí ó ṣàpèjúwe àwọ̀ àti ìpẹ́ rẹ̀, kí ó sì tẹ orúkọ náà jáde. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé bí orúkọ kò bá tọ̀nà, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Orúkọ Kan fún Ejò Púpọ̀
Echis jẹ́ ejò kékeré olóró nínú ìdílé paramọ́lẹ̀, tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ní ọdún 1801, Schneider sọ ti ilẹ̀ Íńdíà ní Echis carinatus. Orúkọ yìí ni a fi ń pe ti ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní ọdún 1970, Stemmler yẹ ejò láti Upper Volta, tí í ṣe Burkina Faso lónìí, wò, ó sì sọ ọ́ ní Echis carinatus ocellatus, tí a wá ń pè ní Echis ocellatus lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2018, Trape tún pín in sí méjì: ti ìhà ìlà-oòrùn, tí ti àríwá Nàìjíríà wà lára rẹ̀, di Echis romani.

Orúkọ àti Oògùn
Oró ejò ni a fi ń ṣe oògùn tí ń pa oró ejò. A ó fún ẹṣin tàbí àgùntàn ní oró náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì pèsè ohun tí ń ṣẹ́gun rẹ̀. Nítorí pé oró Echis Íńdíà yàtọ̀ sí ti Áfíríkà, oògùn ọ̀kan lè kùnà lára ẹni tí èkejì ṣán. Ní Ghana, ní ọdún 2004, a fi oògùn tuntun kan láti Íńdíà rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Iye ẹni tí ó kú fò láti 1.8 sí 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n oògùn méjì tí a fi oró ejò Nàìjíríà ṣe, tí a dán wò lára 400 aláìsàn ní Kaltungo, Ìpínlẹ̀ Gombe, ṣiṣẹ́ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí èsì ọdún 2010 ti fi hàn.

Àgbálọgbábọ̀
Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà ní agbègbè tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ sèbé, ọká àti paramọ́lẹ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n orúkọ kan lè bo ejò púpọ̀ mọ́lẹ̀. Naja melanoleuca, ọ̀kan nínú ìdílé sèbé tí Hallowell sọ lórúkọ ní ọdún 1857, di ẹ̀yà márùn-ún ní ọdún 2018. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ gba orúkọ ejò sílẹ̀ lẹ́nu àgbẹ̀ àti ọdẹ, pẹ̀lú àwọ̀, ìwọ̀n àti ibùgbé ejò kọ̀ọ̀kan. Kí ó sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí ejò bá ṣán kò gbọdọ̀ lé e. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ kíá, kí ó sì ṣàpèjúwe ohun tí ó rí. “Ejò ni” nìkan kò tó.