Àpótí Tí Kò Gba Òǹkọ̀wé

Ẹni tí ó bá ti kọ àròkọ gígùn rí sínú àpótí ìkọ̀wé kékeré tí ó wà lójú ìwé ayélujára yóò ti mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Iná lè lọ, ìsopọ̀ lè já, ọwọ́ sì lè ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì kan tí yóò sọ ojú ìwé di òfìfo. Ohun tí a ti ń rò láti àárọ̀ á di àwátì. Ìtàn àwọn tí wọn kò gbà kí àpótí náà há wọn mọ́ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín: àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde lọ sínú ètò ìkọ̀wé tí ó mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń dá a padà lẹ́yìn àtúnṣe.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí a tó ní ojú ìwé ayélujára kankan. Ní 1976, Bill Joy ṣe ètò ìkọ̀wé vi ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ọdún yẹn kan náà ni Emacs yọjú ní MIT. Nígbà tí Kurt Shoens ṣe ètò ìfilẹ́tàránṣẹ́ Mail ní Berkeley ní 1978, kò dá ètò ìkọ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́ lè tẹ ~v ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà: Mail á kó ohun tí ó ti kọ sínú fáìlì onígbà díẹ̀, á pe vi, á sì kó o padà bí iṣẹ́ bá parí. Òǹkọ̀wé ló ń yan ètò tí ó wù ú. Àdéhùn tí ó mọ́gbọ́n dání ni, lójú tèmi: kí olúkúlùkù máa ṣe èyí tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní November 1995 ni ìlànà HTML 2.0 fi àpótí ìkọ̀wé onílà púpọ̀ múlẹ̀. Lynx, búráúsà aláìláwòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Kansas ní 1992, jẹ́ kí a lè fi ètò ìkọ̀wé mìíràn ṣí àpótí náà. Netscape àti Internet Explorer kò fi irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Firefox jáde ní 2004 ni àfikún tí a ń pè ní It's All Text! fi bọ́tìnì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, fáìlì á ṣí nínú ètò tí a yàn. Àfikún náà á sì máa yọjú wo fáìlì ọ̀hún, kí ó lè mú àtúnṣe wọlé nígbàkígbà tí a bá tọ́jú rẹ̀.

Chrome, tí ó jáde ní 2008, kò gba àfikún láyè láti pe ètò mìíràn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ṣe Edit with Emacs gbé olùdáhùn kékeré kalẹ̀ sínú Emacs fúnra rẹ̀, kí búráúsà lè bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ 14, oṣù November, 2017, Firefox 57 pa ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àfikún ayé àtijọ́, It's All Text! sì bá a lọ. Ààbò ni ìdí rẹ̀, òótọ́ sì ni, nítorí àfikún àtijọ́ lè ṣe ohunkóhun tí ó bá wù ú nínú búráúsà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ Textern ní láti fi ètò kejì sórí ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ wo lẹ́tà tí ó wà ní ìparí "iṣẹ́". Unicode pèsè àyè kan ṣoṣo fún "ẹ", kò pèsè fún "ẹ́". A lè fi àmì ohùn òkè lé "ẹ"; a sì lè mú "é", kí a fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bákan náà ni méjèèjì rí lójú, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè wá "iṣẹ́" nínú àròkọ rẹ̀ kí ẹ̀rọ sọ pé kò sí, nígbà tí ó wà níwájú rẹ̀. Àpótí kékeré kò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn án. Nínú Vim, tí ó jẹ́ ọmọ vi, ẹ gbé atọ́ka sórí lẹ́tà náà, kí ẹ tẹ ga: ọ̀kan á fi 1EB9 àti 0301 hàn, èkejì á fi 00E9 àti 0323 hàn. Àṣẹ ìlà kan ṣoṣo á sì sọ gbogbo wọn di irú kan náà, kí a tó dá àròkọ padà sínú àpótí.