Ta Ló Kọ́ Akànṣẹ́? Àyẹ̀wò Ìrìn Àjò Anthony Joshua láti Ipò Aláìgbowó dé Ipò Afẹ̀ṣẹ́jẹun, 2007 sí 2024

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá ní Nàìjíríà. Wọ́n ní Nàìjíríà lé Anthony Joshua dànù ní 2008, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó sì di ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ abarawúwo ní àgbáyé. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ pé a kò mọ iyì ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Èròńgbà wa nínú bébà yìí ni láti gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n ìtàn. A ó to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn, a ó sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èrò tiwa ni pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí ni òtítọ́ náà wà. Nàìjíríà kò pàdánù abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kankan ní 2008, nítorí pé Joshua kò tí ì di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò nígbà náà. Ohun tí a kò ní ni ibi tí à bá ti kọ́ ọ di bẹ́ẹ̀.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì. Akànṣẹ́ aláìgbowó ni ẹni tí ń jà fún àmì-ẹ̀yẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ tàbí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, abala mẹ́ta ni ìjà rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ó máa ń dé akoto ìdáàbòbò, àwọn adájọ́ sì máa ń fi ẹ̀rọ ka iye ẹ̀ṣẹ́ tí ó bà. Afẹ̀ṣẹ́jẹun ni ẹni tí ó fi ìjà ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Kì í dé ohunkóhun sórí, ìjà rẹ̀ fún bẹ́líìtì àgbáyé a sì máa wà fún abala 12.

2. Ìran àti ìpìlẹ̀

Ìlú Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí Anthony Oluwafemi Olaseni Joshua sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1989. Ọmọ Ṣágámù ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó sì tún ní ìran ilẹ̀ Ireland. Nígbà tí Joshua wà ní kékeré, wọ́n mú un wá sílé, ó sì lo oṣù mélòó kan ní Mayflower School, Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ìwé tí Táí Ṣólàrín dá sílẹ̀ ní 1956, kí ó tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Irú ìgbé-ayé báyìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní ọmọ tí wọ́n bí sí Côte d'Ivoire, tí a sì ń pè ní ọmọ ilé láìsí àríyànjiyàn. Àwọn àgbà sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ àti ìran ni òwe náà ń sọ. Kò sọ fún wa ibi tí ọmọ ti kọ́ iṣẹ́, ìbéèrè yìí gan-an ni ó sì jẹ wá lógún níhìn-ín.

Ọdún 2007 ni Joshua bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́. Ìbátan rẹ̀ kan ni ó mú un lọ sí ẹgbẹ́ àwọn akànṣẹ́ Finchley ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Sean Murphy ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Nígbà yẹn, ó ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wá bá jà lẹ́yìn náà ti ń kàn án láti ìgbà èwe.

3. Ọ̀ràn ọdún 2008

Ẹ̀rí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ lórí ọ̀ràn yìí ti ẹnu Obisia Nwankpa wá, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ Nàìjíríà nígbà náà. Lẹ́yìn tí Joshua ti di gbajúmọ̀, Nwankpa ṣàlàyé pé lóòótọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ láti ṣojú Nàìjíríà ní Beijing, ṣùgbọ́n kò yọjú ní àkókò tí a pè é fún ìdánwò. Ìgbà tí a ti ṣa ẹgbẹ́ tán, tí wọ́n ń múra àtilọ, ni ó tó dé. Ó fi kún un pé àwọn tí ó nírìírí jù ú lọ ti wà nílẹ̀, àwọn bíi Durodola àti Ehwarieme.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹnu ẹni tí ọ̀ràn kàn ni ẹ̀rí yìí ti jáde. Bí ó ti wù kí ó rí, àwọn ọdún tí a tò sókè gbè é lẹ́yìn. Ẹni tí ó wọ iṣẹ́ ní 2007 kò lè ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní 2008. Olùkọ́ tí ó bá yọ akànṣẹ́ tí ó ti dàgbà nínú iṣẹ́ kúrò nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni à bá bá wí.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò parí síbẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá tí ì tó lónìí, níbo ni yóò wà títí yóò fi tó? Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò ní abarawúwo rí. Ní Barcelona ní 1992, David Izonritei àti Richard Igbineghu gba fàdákà méjì ní ìpele méjì tí ó wúwo jù lọ. Ní Atlanta ní 1996, Duncan Dokiwari gba idẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kọjá sí òkè òkun láti lọ fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Ọ̀nà náà sì ti pẹ́: Hogan Bassey, tí ó gba bẹ́líìtì àgbáyé ní 1957, àti Dick Tiger, tí ó gba tirẹ̀ ní 1962, gba Liverpool kọjá. Nojim Maiyegun, tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní Tokyo ní 1964, lọ fi Vienna ṣe ibùjókòó. Ẹ̀bùn àbínibí kò wọ́n wa. Ilé tí ó ń tọ́jú ẹ̀bùn láti ìdíje kan dé èkejì ni ó wọ́n wa.

4. Ọdún mẹ́rin, 2008 sí 2012

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi ìgbà gbogbo ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní Atlanta ní 1996, wúrà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà nínú gbogbo eré ìdárayá. Ìtìjú náà ni ó mú kí wọ́n máa fi owó lọ́tìrì orílẹ̀-èdè tọ́jú àwọn eléré láti 1997. Audley Harrison gba wúrà àwọn abarawúwo ní Sydney ní 2000. Ní 2008, ọdún tí Joshua kò rí àyè ní Nàìjíríà, ni wọ́n dá GB Boxing sílẹ̀ ní Sheffield, níbi tí àwọn akànṣẹ́ aláìgbowó ti ń gba owó ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń kọ́ṣẹ́ pa pọ̀.

Joshua gba ife ìdíje Haringey ní 2009 àti 2010, ó sì borí nínú ìdíje àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2010 àti 2011. Wọ́n mú un wọ Sheffield. Ọdún 2011 ni ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Ní Ankara, Mihai Nistor ti Romania lù ú títí adarí ìjà fi dá ìjà dúró. Ní ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ọ̀ràn igbó, wọ́n ní kí ó fi wákàtí 100 ṣiṣẹ́ ìlú láìgbowó, wọ́n sì dá a dúró nínú ẹgbẹ́. Àwọn tí ó dá a dúró náà ni ó tún pè é padà. Kí ọdún náà tó parí, ó dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Baku, ó lu Roberto Cammarelle ti Ítálì lọ́nà, àmì kan péré ni Magomedrasul Majidov sì fi borí rẹ̀, 22 sí 21.

Ẹ jẹ́ kí a wo iye àmì tí ó gbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Ó borí Erislandy Savón ti Kúbà ní 17 sí 16, Zhang Zhilei ti Ṣáínà ní 15 sí 11, àti Ivan Dychko ti Kazakhstan ní 13 sí 11. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, òun àti Cammarelle jọ gba àmì 18. Àfìgbà tí wọ́n tún àwọn àmì náà kà ni wọ́n tó fún Joshua ní wúrà. Kò sí èyí tí ó rọrùn nínú wọn. Ibi tí àmì kan ti ń pín ẹni méjì níyà, ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ kan pọ̀ jọjọ.

5. Ipò afẹ̀ṣẹ́jẹun

Ní oṣù keje ọdún 2013, Joshua tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Matchroom, ó sì ja ìjà olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, tí ó lu Emanuele Leo ní abala kìíní. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2016, nínú ìjà rẹ̀ kẹrìndínlógún, ó gba bẹ́líìtì IBF lọ́wọ́ Charles Martin ní abala kejì. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni èyí sí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ Finchley.

Àwọn ènìyàn a máa sọ bí ẹni pé owó ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2017, níwájú ènìyàn 90,000 ní Wembley, Wladimir Klitschko lù ú ṣubú ní abala kẹfà, ó dìde, ó sì borí ní abala kọkànlá. Rob McCracken, olórí àwọn olùkọ́ ní Sheffield, ni ó wà ní igun rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí fi hàn pé ilé aláìgbowó bá a dé ilé olówó.

Lẹ́yìn èyí, ó gba bẹ́líìtì WBO lọ́wọ́ Joseph Parker ní 2018. Andy Ruiz gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní New York ní oṣù kẹfà 2019, ó sì gbà á padà ní Sáúdí Arébíà ní oṣù kejìlá. Oleksandr Usyk borí rẹ̀ ní 2021 àti 2022, Daniel Dubois sì lù ú ní abala karùn-ún ní Wembley ní 2024.

Ó yẹ kí a fi Henry Akinwande wé e. Lọ́ńdọ̀nù ni a bí òun náà sí, Nàìjíríà ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, Bìrìtéènì ni ó sì jà fún ní Seoul ní 1988. Ní 1996 ni ó gba bẹ́líìtì WBO. Nítorí náà, Joshua kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ilé wa bí, tí ilé ẹlòmíràn kọ́ níṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Joshua dọ̀bálẹ̀ fún Ààrẹ Muhammadu Buhari ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé àwọn bẹ́líìtì rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Inú wa dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ náà ni ilé kọ́ ọ. Àwọn bẹ́líìtì náà, Finchley àti Sheffield ni ó bá a wá wọn.

Láti 1996 títí Paris 2024 fi parí, Nàìjíríà kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Òlíńpíìkì. Bí a bá ń bá olùkọ́ kan jà lórí ẹni tí kò mú ní 2008, a ó máa fojú fo ọdún wọ̀nyí dá. Olùkọ́ náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó yẹ kí a bi léèrè ni ìjọba àti àjọ tí ń ṣàkóso eré náà, ìbéèrè wa sì ni èyí: ọ̀dọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò tí ì tó ìdíje, àmọ́ tí ó ní agbára àti ìfẹ́ iṣẹ́, ibo ni ẹ ní kí ó lọ títí di ọdún mẹ́rin sí i?