Ohun Tí Òfin Kà Léèwọ̀ Nínú Àkọsílẹ̀ Blockchain

Blockchain jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹnì kan kò sì lè dá pa ohun tó ti wọ inú rẹ̀ rẹ́. Torí owó ni wọ́n ṣe dá Bitcoin, ọ̀kan lára irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2009, àmọ́ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti kọ àkọlé ìròyìn kan láti inú The Times ti Lọ́ńdọ̀nù sí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ráyè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe ráyè: wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kọ ọ́ bí ẹni ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì.

Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tú Bitcoin wò fínnífínní, wọ́n sì bá nǹkan bí 1,600 fáìlì níbẹ̀. Ó kéré tán, mẹ́jọ jẹ mọ́ ìbálòpọ̀, wọ́n sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ àwòrán ọmọdé tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọ́fíìsì tí òbí rẹ̀ lè lọ láti ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Jíbówú nílùú Èkó pàápàá, tí kò jìnnà sí òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá, níbi tí Co-Creation Hub ti kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà jọ. Ẹni tó bá gba odindi àkọsílẹ̀ Bitcoin sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Jíbówú, ohun tó ju 500 gígábáìtì ló gbà sílé, tòun ti àwọn fáìlì burúkú náà. Abala 23 òfin Nàìjíríà tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2015, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura tàbí kó san ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 10 náírà. Kò yẹ kí ìyẹn mú ẹni tó kàn ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó. Àmọ́ bí ọwọ́ bá tilẹ̀ tẹ ẹni tó gbé e síbẹ̀, àwòrán náà kò kúrò. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́. Ta ni yóò kọ̀wé sí?

Àwọn ìkànnì tó ń ṣàfihàn blockchain lè kọ̀ láti gbé àwòrán náà jáde. Láti 2015, Bitcoin Core, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ Bitcoin, ti gba olùtọ́jú láyè láti yẹ àkọsílẹ̀ wò tán, kó sì da èyí tó ti pẹ́ nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà ọwọ́ ẹlòmíì ṣì wà. Lójú tèmi, ẹnu ọ̀nà ló yẹ ká ti dá a dúró, ìdí nìyẹn tí ìyípadà oṣù kẹwàá ọdún 2025 fi ń kọ mí lóminú: Bitcoin Core 30 sún ààyè ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti owó láti nǹkan bí 80 báìtì sí 100,000. Àwọn tó ṣe é ní ọ̀nà ẹ̀yìn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ làwọn èèyàn ti ń gbà kó nǹkan wọlé. Àwọn tó takò ó ní àwòrán lè wọlé lódindi báyìí, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kó lọ sórí Bitcoin Knots, ètò mìíì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.