Oúnjẹ Aṣaralóore àti Ìlera Ara fún Àwọn Awakọ̀ Àjàgbé

Ọ̀nà tí ó ti Lọ́kọ́jà gba Obajana wọ Kàbà jẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ àjàgbé ń tọ̀ tọ̀sán tòru. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Obajana, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbẹ́rù. Láti Kàbà, wọn a máa forí lé Èkìtì, Ondó, Kwara àti ibòmíràn. Ní Iyah-Gbede àti káàkiri Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìdílé wà tí owó iṣẹ́ yìí ń gbé ró: ti awakọ̀, ti mọ́tò-bọ́ì, ti ìyá olóúnjẹ àti ti àwọn tí ń tún táyà ṣe.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan já wọ àárín àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Felele, Lọ́kọ́jà, ó sì gbiná. Ó ju ènìyàn 20 lọ tí ó bá a lọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Bíréèkì ni a gbọ́ pé ó kọṣẹ́. Nígbàkígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń bèèrè bóyá ó yè kooro. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nídìí ọkọ̀ náà yẹ fún àyẹ̀wò bákan náà, nítorí bí bíréèkì bá dára tí ojú awakọ̀ sì ń ṣú, ewu kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe sí ara

Ìjókòó pípẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa ní ẹsẹ̀. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, ó sì máa ń fa ẹ̀yìn dídùn. Oúnjẹ ọlọ́ràá àti oníyọ̀ púpọ̀, àìsùn tó àti àníyàn iṣẹ́ a máa dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àrùn méjèèjì yìí lè wà lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀ láìfi àmì hàn, kí wọ́n tó di rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn tàbí àrùn kíndìnrín. Àtọ̀gbẹ tún lè ba ojú jẹ́. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Oúnjẹ kí ẹ tó gbéra

Ẹ má fi inú òfìfo gbéra. Ẹni tí ebi bá pa títí di ọ̀sán yóò jẹ àjẹjù nígbà tí ó bá rí oúnjẹ. Ẹ̀kọ tàbí ògì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, tàbí ìwọ̀nba iṣu sísè pẹ̀lú ẹyin àti ẹ̀fọ́, dára púpọ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ̀wà kì í tètè dà nínú, nítorí náà ó máa ń gbé ènìyàn ró pẹ́ ju búrẹ́dì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lọ.

Oúnjẹ ní ojú ọ̀nà

A kò sọ pé kí ọmọ Okun má jẹ iyán mọ́. Ìwọ̀n ni a ń wí. Òkèlè ńlá ní ọ̀sán máa ń mú oorun wá, kò sì sí ibi tí oorun burú sí bí ìdí ọkọ̀ tí ó ru ẹrù. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti díwọ̀n oúnjẹ nìyí: kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdámẹ́rin, kí iyán, ẹ̀bà tàbí ìrẹsì gba ìdámẹ́rin tí ó kù. Ẹ dín epo orí ọbẹ̀ àti ẹran ọlọ́ràá kù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí í ṣe nǹkan bí ṣíbí ìmutíì kan. Iyọ̀ inú magí, ẹja oníyọ̀ àti indomí wà nínú ìṣirò yìí. Nítorí náà, ẹ má bu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti sè tán.

Fún ìpanu, ọjà wa kò ṣaláìní ohun rere: ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìgbá, ẹ̀pà àti awùsá ní àsìkò rẹ̀. Owó wọn kò sì ju ti bisikíìtì lọ púpọ̀. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ sísè láti ilé, ẹ fi sínú kúlà tí ó lè mú un gbóná. Oúnjẹ tí ó bá wà nínú ooru ju wákàtí méjì lọ láìgbóná lè ti ní kòkòrò àrùn nínú.

Omi àti ohun mímu

Àwọn awakọ̀ kan kì í mu omi nítorí pé wọn kò fẹ́ dúró láti tọ̀. Àṣà yìí kò dára. Àìmu omi tó máa ń fa orí fífọ́, àárẹ̀ àti àìlèyàgbẹ́ dáadáa, ó sì ń ni kíndìnrín lára, pàápàá bí awakọ̀ bá ń lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́ láìgba ìwé dókítà. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, ara ń bèèrè omi nìyẹn.

Ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan tí ó jẹ́ sẹ́ntílítà 50 lè ní nǹkan bí gíráàmù 50 ṣúgà, èyí tí ó tó ṣíbí ìmutíì 12. Ẹni tí ó ń mu méjì lójúmọ́ ń fa àtọ̀gbẹ lọ́wọ́. Ní ti paraga, ọtí èyíkéyìí àti tramadol, kò sí èyí tí ó bá ọkọ̀ wíwà mu. Wọn kì í lé àárẹ̀ lọ. Ńṣe ni wọ́n ń bo ojú ẹni kí a má bàa mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wá.

Oorun

Ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 máa ń hùwà lójú ọ̀nà bí ẹni tí ó ti mutí. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan yóò rìn tó mítà 89 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Bí awakọ̀ bá tòògbé fún ìwọ̀n àkókò kékeré yìí, ọkọ̀ ti dá rìn gba iwájú ilé púpọ̀ kọjá.

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó gba awakọ̀ níyànjú láti sinmi fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí ó bá ti wakọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ni pé kí awakọ̀ àjàgbé sinmi fún ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Obì àti kọfí lè la ojú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè dípò oorun. Ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ páàkì, kí ẹ sùn díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sùn sí abẹ́ ọkọ̀ tàbí ní gbangba, kí ó ní nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn, nítorí ibà wà lára ohun tí ń dá awakọ̀ dúró. Bí ẹ bá ń hanrun gidi, tí oorun alẹ́ kì í sì tó yín bí ó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ sọ fún dókítà.

Eré ìdárayá

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀ fún eré ìdárayá bí ìrìn kíákíá. Èyí kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ ní ọjọ́ márùn-ún, a sì lè pín in sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Níbi tí ẹ bá ti dúró:

• ẹ rìn yí ọkọ̀ ká kíákíá nígbà mélòó kan, kí ẹ sì fi àyè náà yẹ táyà wò;
• ẹ di ara ọkọ̀ mú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dìde ní ìgbà mẹ́wàá;
• ẹ na apá sókè, ẹ na ẹ̀yìn, ẹ yí ọrùn àti èjìká;
• ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn.

Ẹ má fò bọ́ sílẹ̀ láti orí ọkọ̀. Ẹ kọjú sí ọkọ̀, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí orúnkún lè pẹ́ lára yín.

Àyẹ̀wò

Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìtọ́jú ìlera tí ó bá wà nítòsí. Bí ó bá jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, ó ti ga, ó sì nílò ìtọ́jú. Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ojú wò lọ́dọọdún. Ẹni tí a bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn náà ni ó mú kí ara yá. Kí ó kó o dání bí yóò bá rìnrìn àjò ọlọ́jọ́ púpọ̀, kí ó sì bèèrè bóyá ó lè mú oorun wá.

Ojúṣe àwọn yòókù

Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìyá olóúnjẹ tí ó fi ẹ̀fọ́ kún àwo, tí ó dín iyọ̀ àti magí kù, ń dáàbò bo oníbàárà rẹ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá àkókò tí awakọ̀ kò lè bá láìfi oorun du ara rẹ̀. Kí àwọn ará ilé sì jẹ́ kí ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé sùn dáadáa kí a tó gbé ọ̀rọ̀ ilé kalẹ̀ fún un.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí nọ́ńbà 122. Bí ẹnu awakọ̀ bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, tàbí tí àyà ń dùn ún gidi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wakọ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹrù lè pẹ́ kí ó tó dé, a ó sì bẹ oníbàárà. Ẹni tí ó gbé ẹrù náà ni a kò rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ nílé.